Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Rò Pé Òun Ló Ṣàṣìṣe

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tó wà ní ọdún àṣekágbá ń ka ojú ewé yìí lásìkò tó yẹ kí wọ́n máa kọ Chapter Four. Ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́. Ìtàn ìràwọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa náà ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, wọ́n ní ká so irin kékeré mọ́ okùn, ká jẹ́ kó máa fì síwá sẹ́yìn, ká ka iye ìgbà tó bá lọ tó bá bọ̀, ká wá fi ìyẹn ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan. Gbogbo wa la ti mọ ohun tó yẹ kó jáde: 9.8 ni. Tèmi jáde ní 8.7. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo pa á rẹ́, mo kọ 9.8. Máàkì tí mo gbà sì dáa. Ẹ má fojú burúkú wò mí o, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò dá nìkan wà. Àwa la máa ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ẹni tí èsì rẹ̀ ò bá bá ìwé mu, kó yáa lọ "se" é. Ìtàn ìràwọ̀ yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo sọ nù lọ́jọ́ yẹn.

Tí iná bá lọ lálẹ́ ní oṣù kọkànlá, tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣókùnkùn biribiri, ẹ jáde síta ní bí aago mẹ́jọ, kí ẹ gbójú sókè. Ẹ óò rí ìràwọ̀ mẹ́rin kan tó tò ní igun mẹ́rin, bí ìgbà tí èèyàn fi èèkàn mẹ́rin sàmì sí ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí. Àwọn òyìnbó ń pe apá ibẹ̀ ní Pegasus, orúkọ ẹṣin abìyẹ́ kan nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Gíríìsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun mẹ́rin yẹn, níta díẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Láàárín ìlú, ẹ ò lè rí i. Lábúlé tí òkùnkùn ti ṣú dáadáa, ẹni tí ojú rẹ̀ mú lè rí i fírí. 51 Pegasi ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé.

Ìràwọ̀ yìí jọ oòrùn wa gan-an, ní títóbi àti ní gbígbóná. Jíjìnnà ló jìnnà tó fi dà bíi ti ẹ̀ṣẹ́ná lójú wa. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yára ju ohun gbogbo lọ, 300,000 kìlómítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ nǹkan bí 50 ọdún ló fi ń rin ìrìn láti ọ̀dọ̀ 51 Pegasi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ bá rí lálẹ́ òní ti kúrò nílé kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń béèrè bóyá àwọn ìràwọ̀ yòókù náà ní pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn tó ń yí wọn ká, bí ayé wa yìí ṣe ń yí oòrùn ká. Giordano Bruno, ọmọ Ítálì, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé oòrùn ni gbogbo wọn. Ní 1600, wọ́n dáná sun ún ní Róòmù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayé púpọ̀ yìí wà lára wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni, nítorí pílánẹ́ẹ̀tì ò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí pílánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó ń wá tanátaná kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú tírélà, tí tírélà náà sì wà ní ìlú mìíràn.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá dá sí i? Ẹ rántí bí bàbá ṣe máa ń di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, tó ń fi í yí po ní àgbàlá. Ọmọ náà ń fò kiri, ṣùgbọ́n bàbá náà ò dúró gbagidi. Á fẹ̀yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà á máa yí díẹ̀díẹ̀. Ká ní ilẹ̀ ti ṣú, tó jẹ́ bàbá nìkan ló wọ aṣọ funfun. Ẹ ò ní rí ọmọ o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe rí bàbá tó ń mì, ẹ óò mọ̀ pé ó di ẹnì kan lọ́wọ́ mú. Ìràwọ̀ ni bàbá, pílánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìràwọ̀ ń mì? Gbogbo yín lẹ mọ fèrè ọkọ̀ agbówó báǹkì. Nígbà tó bá ń bọ̀, ohùn rẹ̀ á ga. Bó bá ti kọjá yín báyìí, ohùn náà á wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fà díẹ̀ sápá búlúù. Bó bá ń lọ, á fà díẹ̀ sápá pupa. Ẹ̀rọ kan wà tó ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ bí òṣùmàrè, òun ni wọ́n fi ń wọn fífà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá kéré jọjọ. Júpítà, tó tóbi jù nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tiwa, ìwọ̀nba 12 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń mú oòrùn mì, bí eré ẹni tó ń sáré nínú ìje. Ọdún 12 ló sì fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé ẹni tó bá fẹ́ rí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá lára ìràwọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ jókòó ti iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán.

Iṣẹ́ yìí ti dójú ti àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Peter van de Kamp, ọmọ ilẹ̀ Holland tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ Barnard ní 1938. Ní 1963, ó kéde pé ìràwọ̀ náà ní pílánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fi kọ́ ọmọ iléèwé. Nígbà tó di 1973, àwọn mìíràn wọn ìràwọ̀ náà, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n tún rí i pé nínú fọ́tò tirẹ̀, àwọn ìràwọ̀ mìíràn náà ń mì bákan náà, lásìkò tí wọ́n tún awò ńlá náà ṣe. Awò ló mì, kì í ṣe ìràwọ̀. Van de Kamp ò gbà títí ó fi kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1995. Ohun tó tún wá ya èèyàn lẹ́nu ni pé ní 2024, wọ́n rí pílánẹ́ẹ̀tì lára ìràwọ̀ Barnard lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí kéré púpọ̀, kì í ṣe èyí tó sọ.

Ti Andrew Lyne, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀. Ní 1991, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí òkú ìràwọ̀ kan ká, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló sì fi ń yí i. Gbogbo ayé patẹ́wọ́. Wọ́n pè é sí ìpàdé ńlá kan ní ìlú Atlanta, oṣù kìíní 1992, pé kó wá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó tó lọ, ó tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, ó sì rí i pé òun ò ṣírò ìrìn ayé wa yìí yípo oòrùn bó ti yẹ. Pílánẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ máa ṣe? Ó lọ sí Atlanta, ó dìde láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní àwọn ṣàṣìṣe. Gbogbo gbọ̀ngàn ló patẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ náà gan-an, Aleksander Wolszczan, ọmọ ilẹ̀ Poland, bọ́ sí iwájú lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ nípa pílánẹ́ẹ̀tì méjì tí òun àti Dale Frail rí lára òkú ìràwọ̀ mìíràn. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, ó sì dúró títí dòní. Ṣùgbọ́n òkú ìràwọ̀ ni. Ìràwọ̀ tó wà láàyè, tó dà bí oòrùn wa, kò tíì sẹ́ni tó rí pílánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀ tó dá gbogbo èèyàn lójú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Didier Queloz wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń ṣe PhD rẹ̀ ní yunifásítì Geneva, ní Switzerland. Michel Mayor ni súpáfáísọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tuntun kan tó ń jẹ́ ELODIE, wọ́n gbé e sí ibi ìwoye kan ní Haute-Provence, gúúsù ilẹ̀ Faransé. Queloz ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣírò ìrìn ìràwọ̀. Ní 1994, wọ́n yan ìràwọ̀ 142 tó jọ oòrùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n. Nígbà tó yá, Mayor gba ìsinmi iṣẹ́, ó lọ sí Hawaii. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

51 Pegasi wà lára ìràwọ̀ 142 yẹn. Queloz wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, nọ́ńbà méjèèjì ò dọ́gba. Ó tún un wọ̀n, ó tún yàtọ̀. Èèyàn rere, kí lẹ rò pé ó wá sí i lọ́kàn? Ṣé pé òun ti rí pílánẹ́ẹ̀tì ni? Rárá o. Ohun tó sọ sí ara rẹ̀ ni pé ètò kọ̀ǹpútà òun ti bà jẹ́. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á. Ọ̀gá rẹ̀ ti rìnrìn àjò, ẹ̀rọ tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí PhD rẹ̀ sì wà lórí iṣẹ́ náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tú u wò ní oríkèé-oríkèé, ó ń wá ibi tí àṣìṣe wà.

Níbí gan-an ni mo ti dá ìwé dúró nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Mo bi ara mi pé ká ní èmi ni ńkọ́? Tẹ́ńpẹ́ ni mi ò bá se é. Ìràwọ̀ 141 ló kù, ta ni yóò mọ̀?

Queloz ò se é. Ó wá àṣìṣe títí, kò rí i. Ìràwọ̀ yòókù ń dúró jẹ́ẹ́, 51 Pegasi nìkan ló ń mì. Nígbà tó kó gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jọ, ó rí i pé kì í mì bó ṣe wù ú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí 60 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ ló sì fi ń parí ìrìn kan. Bó bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ pé nǹkan tó wúwo tó nǹkan bí ìdajì Júpítà ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ìwé ní ọdún méjìlá. Nọ́ńbà ní ọjọ́ mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1995, ó fi fax ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní Hawaii pé òun rò pé òun ti rí pílánẹ́ẹ̀tì.

Mayor ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sáré lọ pe oníròyìn. Ó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti ṣáájú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lásìkò náà, ìràwọ̀ yìí ti wọ ẹ̀yìn oòrùn, wọn ò lè rí i mọ́ fún oṣù díẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò ibi tó yẹ kó wà ní ìrìn rẹ̀ nígbà tó bá tún yọ ní oṣù keje, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dúró. Nígbà tí oṣù keje pé, wọ́n padà sí Haute-Provence. Alẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà ni wọ́n ń bá. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1995, wọ́n kéde rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní ìlú Florence, ní Ítálì.

Ní California, Geoffrey Marcy àti Paul Butler ti ń wá pílánẹ́ẹ̀tì láti 1987. Bí wọ́n ṣe gbọ́, wọ́n gba orí òkè Hamilton lọ, wọ́n wo ìràwọ̀ náà fún alẹ́ mẹ́rin. Òótọ́ ni. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé dátà ọ̀pọ̀ ọdún wà nílé wọn tí wọn ò tíì tú wò. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ń fà, wọ́n sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá ni, kò sí ìdí fún ìkánjú. Wọ́n padà sílé, wọ́n tú u. Ní oṣù kìíní 1996, wọ́n kéde pílánẹ́ẹ̀tì lára ìràwọ̀ méjì mìíràn. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò wọn.

Ẹ sì gbọ́ èyí: Otto Struve ti kọ ọ́ ní 1952, nínú àpilẹ̀kọ kékeré kan, pé kò sí ohun tó ní kí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá má lè sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kó máa yí i ká láàárín ọjọ́ kan péré, pé ẹ jẹ́ ká wá irú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọdún 43 kọjá kí ẹnì kan tó kọsẹ̀ lu ohun tó sọ.

Wọn ò dẹ̀ ṣíwọ́ iyàn jíjà. Pílánẹ́ẹ̀tì yìí fi nǹkan bí ìlọ́po 20 sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ ju bí ayé ṣe sún mọ́ oòrùn lọ, ibẹ̀ gbóná ju 900 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Báwo ló ṣe débẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí ni pé ibi tó jìnnà ni wọ́n ti bí i, ó wá ń ṣí kiri wọlé. Ní 1997, David Gray ní kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì rárá, pé ara ìràwọ̀ náà ló ń lù kìkì. Ó tún un wọ̀n, ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síta ní 1998 pé ọ̀rọ̀ òun ò dúró. Ní 1999, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, David Charbonneau ti Harvard, lo awò kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan, nínú Pegasus yìí kan náà, ń dínkù díẹ̀ bí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Iyàn parí. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n rí i pé Upsilon Andromedae, ìràwọ̀ tó jọ oòrùn, ní pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Nígbà tó fi di 2025, iye tí wọ́n ti rí kọjá 6,000.

Ní 2015, wọ́n fún 51 Pegasi lórúkọ: Helvetios, nítorí ẹ̀yà Helvetii tó ń gbé Switzerland láyé àtijọ́. Pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jẹ́ Dimidium, ìyẹn ìdajì lédè Látìn. Ní oṣù kẹwàá 2019, Mayor àti Queloz gba ẹ̀bùn Nobel, wọ́n pín in pẹ̀lú James Peebles. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, orúkọ tiwa náà dé ojú ọ̀run. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Ìràwọ̀ tó kan Nàìjíríà jọ oòrùn, HD 43197 ni nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Amadioha, òrìṣà tó ni àrá nílẹ̀ Ìgbò, bí Ṣàngó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano, ẹrú tó ra ara rẹ̀ padà ní 1766, tó sì kọ ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1789. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi rí Equiano wà ní Chile, Mayor ló ṣíwájú àwọn tó ṣe é, ọgbọ́n bàbá tó ń mì náà ni wọ́n sì lò. Ẹ̀yin ará, ká ní akẹ́kọ̀ọ́ Geneva yẹn ti se dátà rẹ̀, ó lè pẹ́ púpọ̀ kí orúkọ wa tó débẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló rí i, ọ̀gá ló ní ká dúró wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọ̀kan bá yingin, ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí 8.7 mi. N ò sọ pé mo rí nǹkan tuntun o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mi ò wọn okùn mi dáadáa ni, tàbí kí n ka iye ìgbà kan kù. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé, torí mo ti pa á rẹ́. Lyne wá àṣìṣe rẹ̀, ó rí i, ó jẹ́wọ́. Queloz wá tirẹ̀, kò rí i, pílánẹ́ẹ̀tì ló bá níbẹ̀. Èmi ò wá nǹkan kan.

Chapter Four yín ń dúró o. Bí nọ́ńbà kan bá wà níbẹ̀ tí kò bá ìwé mu, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí súpáfáísọ̀ bá bi yín, ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí mo rí nìyí, mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀." Ó dàárọ̀.